Níbo Lomi Lọ? Ọ̀rọ̀ Lórí Ọkọ̀ Tó Ń Gbóná Jù

Mo sọ ọ̀rọ̀ yìí níbi ìpàdé oṣooṣù àwọn onílé àdúgbò wa ní Abẹ́òkúta. Akọ̀wé ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí àwọn tí òde ìyàwó gbé lọ lọ́jọ́ Sátidé náà. Bí mo ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́, àyàfi ibi tí mo ti bú àwọn mẹkáníìkì jù.

Alága wa, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ kú ìjókòó o. Ẹ sì kú ooru.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ bá mi wo apá òsì mi yìí. Àpá tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ilà, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Omi rádíétọ̀ ló bó o. Ọjọ́ ọjà Láfẹ́nwá ni, ọ̀sán gangan. Mo ti Ìbarà ń bọ̀, mo fẹ́ sọdá afárá odò Ògùn, àmọ́ ọkọ̀ ò lọ, ọkọ̀ ò bọ̀. Ọlọ́kadà dí mi lọ́tùn-ún, ọmọlanke tó kó iṣu dí mi lósì. Ni mo bá rí i tí ọwọ́ géèjì tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ títí tó fi wọ inú pupa. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo mú àkísà, mo fi yí ọmọrí rádíétọ̀. Ohun tó tú jáde níbẹ̀ ga jù mí lọ.

Ìyá kan tó ń dín àkàrà nítòsí ló sáré dé. Ọkùnrin kan ti gbé epo pupa wá pé ká fi ra ibẹ̀. Ìyá yìí ní kó gbé epo rẹ̀ lọ fi se ọbẹ̀. Omi tútù ló ń dà sí mi lápá, kẹ́ẹ̀gì kan, kẹ́ẹ̀gì kejì, ó tó ogún ìṣẹ́jú. Bó ṣe ń dà á ló ń bá mi wí: "Ẹ̀yin bọ̀dá yìí, ṣé wọn kì í se oúnjẹ nílé yín ni? Ta ló ń ṣí ìkòkò tó ń hó kó tún gbójú lé e?" Mi ò rí èsì fún un. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ó ti pé ọdún 11 tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ mọ́tò.

Òótọ́ sì ni ìyá yẹn sọ, ìkòkò ni. Omi tí a gbé kaná nínú ilé, bó bá ti dé 100°C, á hó. Omi inú ẹ́ńjìnnì kò gbọdọ̀ hó ní 100, nítorí ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń gbádùn ara rẹ̀ kò jìnnà síbẹ̀. Láàárín 85 sí 105 ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ máa ń wà. Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé wọ́n dé e pa. Ọmọrí rádíétọ̀ ní sípíríńgì nínú tó ń tẹ omi mọ́lẹ̀. Ẹ wo orí rẹ̀, ẹ óò rí nọ́ńbà, 0.9 tàbí 1.1 ló sábà máa ń wà lórí ti Toyota. Ìyẹn ni bí ìfúnpá inú rẹ̀ ṣe lè pọ̀ tó kí ọmọrí tó gbà kí omi jáde. Bí ọmọrí 1.1 bá dára, omi lásán kò ní hó títí yóò fi dé nǹkan bíi 120°C. Ẹ wá rò ó wò: omi wà ní 115, kò hó, torí pé a tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ wá lọ ṣí i. Lẹ́ẹ̀kan náà ni yóò hó gùù, ẹni tó dúró tì í ni yóò gbà á sójú.

Nítorí náà, bó bá ṣẹlẹ̀ sí yín lójú ọ̀nà, ẹ kọ́kọ́ pa AC. Ẹ ṣí wíńdò. Ẹ tan hítà dé òpin. Ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Nínú ooru Abẹ́òkúta, kí èèyàn tan hítà? Rádíétọ̀ kékeré kan ni hítà jẹ́, ó ń bá ẹ́ńjìnnì gbé lára ẹrù rẹ̀. Ẹ ó làágùn, ẹ́ńjìnnì á sì mí títí ẹ ó fi ríbi páàkì sí. Bí ẹ bá ti páàkì, ẹ pa á, kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Kì í ṣe ìṣẹ́jú márùn-ún o. Ọgbọ̀n kéré, wákàtí kan ló dáa. Tí ẹ bá fọwọ́ fún hóòsì òkè, èyí tó so mọ́ òkè rádíétọ̀, tí ó ṣì le, tàbí tí ó ń jó yín lọ́wọ́, kò tíì tó àkókò tí ẹ máa fọwọ́ kan ọmọrí. Ẹ má sì da omi tútù sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná, nítorí orí ẹ́ńjìnnì òde òní, alumíníọ̀mù ni. Ẹ mọ ohun tó máa ń ṣe ife gíláàsì tí tíì gbígbóná wà nínú rẹ̀ tí wọ́n bá da omi fíríìjì sí i.

Ooru yìí, ibo ló ti ń wá pọ̀ tó báyìí? Owó yín ni. Epo 1,000 náírà tí ẹ bá rà, èyí tó ń ti ọkọ̀ síwájú nínú rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 300 lọ. Ìyókù, ooru ni: apá kan bá èéfín jáde ní sálẹ́ńsà, apá kan wọ inú omi. Iṣẹ́ pọ́ǹpù ni láti gbé omi yẹn kiri ara ẹ́ńjìnnì, kó gba ooru, kó gbé e lọ fún rádíétọ̀ níwájú, kí afẹ́fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kó tún padà. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ohun tó lè fa gbígbóná, ibì kan lójú ọ̀nà yẹn ló wà.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ pé bí ẹ bá gbé ọkọ̀ tó ń gbóná lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, tí kò bi yín léèrè ohunkóhun tó ti fa sípánà yọ, kí ẹ rọra gba kọ́kọ́rọ́ yín. Èmi, ìbéèrè méjì ni mo máa ń bi ọkọ̀. Ìgbà wo lo máa ń gbóná? Níbo lomi lọ?

Ẹ jẹ́ ká mú ti ìgbà. Ọkọ̀ tó ń gbóná nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Sàpọ́n, àmọ́ tí ara rẹ̀ á wálẹ̀ bó bá ti bọ́ sí ọ̀nà Ṣágámù tó ń sáré, fáànù ni kí ẹ fura sí. Bí ọkọ̀ bá ń sáré, afẹ́fẹ́ ojú ọ̀nà ń fẹ́ rádíétọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Bó bá dúró, fáànù nìkan ló kù. Èyí tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá nínú ìlú, tó jẹ́ pé ó bá gun òkè tàbí tó bá rìn jìnnà ló ń gbóná, fáànù kọ́. Omi ni kò rìn tó. Ó lè jẹ́ rádíétọ̀ ló dí, ó lè jẹ́ pọ́ǹpù ni kò lágbára mọ́, ó sì lè jẹ́ hóòsì ìsàlẹ̀ ló ti rọ̀ bíi mọ́ínmọ́ín, tí pọ́ǹpù bá ti ń fa omi kíkankíkan, á pa ara rẹ̀ dé. Èyí tí a sì tan láàárọ̀, tí kò tíì jáde ní gẹ́ètì tó ti fẹ́ wọ pupa, ó jẹ́ pé omi ti tán nínú rẹ̀, tàbí tẹ́mọ̀sítáàtì, ilẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí ọ̀nà rádíétọ̀ fún omi, há ní títì, tàbí ohun tí mi ò fẹ́ dárúkọ báyìí. A máa débẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbọ́kàn lé ọwọ́ géèjì jù. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, wọ́n ṣe é kó dúró sáàárín gbọingbọin bí ìgbóná bá tilẹ̀ ń lọ sókè sódò, kí onímọ́tò má baà máa páyà. Nígbà tó bá fi máa kúrò láàárín, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Ọkọ̀ mìíràn kò tilẹ̀ ní in, iná búlúù àti iná pupa ló ní. Bí omi bá sì tán pátápátá, sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn ìgbóná omi lè wà nínú afẹ́fẹ́ lásán, kí géèjì máa sọ fún yín pé àlàáfíà ni. Ohun kékeré kan wà tí wọ́n ń kì bọ abẹ́ dáṣíbọọ̀dù, tó ń fi nọ́ńbà ìgbóná ẹ́ńjìnnì ránṣẹ́ sórí fóònù. Kò wọ́n. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá ti dàgbà, kó ra á.

Fáànù rọrùn láti dán wò. Ẹ tan ọkọ̀, ẹ tan AC, ẹ lọ síwájú. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, fáànù gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí láìpẹ́. Bí kò bá yí, ẹ wo fíúsì. Lẹ́yìn fíúsì, riléè, ìyẹn ohun kékeré tó ń tan iná fún fáànù. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, riléè fèrè àti ti fáànù bára mu, ẹ lè yọ ọ̀kan dán èkejì wò. Bí ìwọ̀nyẹn bá dára, ẹ fa wáyà láti bátìrì lọ sí fáànù tààrà: bó bá yí, fáànù kò kú, iná ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ máa ṣọ́ ọwọ́ yín o, fáànù míì máa ń dédé yí lẹ́yìn tí a ti pa ọkọ̀.

Mo rí ọ̀kan tó fẹ́ yà mí ní wèrè. Ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ rí ló gbé ọkọ̀ wá. Fáànù ń yí, ó ń ké fíì. Rádíétọ̀ mọ́. Tẹ́mọ̀sítáàtì tuntun ni, pọ́ǹpù tuntun ni. Ó bá sì ti dúró sójú kan, á gbóná. A wò ó títí di ọ̀sán. Ìgbà tí mo fẹ́ nu òógùn ni ìwé ńlá tí mo mú lọ́wọ́ já bọ́ síwájú rádíétọ̀, dípò kí afẹ́fẹ́ fà á mọ́ ọn, ńṣe ló fẹ́ ẹ padà sí mi láyà. Ẹ̀yìn ni fáànù ń yí sí! Réwáyà kan ti tún iná ṣe fún un, ó gbé wáyà pupa sípò dúdú. Ọkọ̀ ń gbìyànjú láti fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná ẹ́ńjìnnì jáde gba iwájú. Láti ọjọ́ náà, bébà kan kì í wọ́n lápò mi: bí fáànù bá ń yí, mo máa fi bébà sí iwájú rádíétọ̀ kí n wò ó bóyá yóò lẹ̀ mọ́ ọn.

Nígbà tí ẹ bá wà níwájú níbẹ̀, ẹ wo àlàfo kéékèèké ara rádíétọ̀ àti ti AC tó wà níwájú rẹ̀. Eruku ọyẹ́, labalábá, ọ̀rá, gbogbo rẹ̀ ló ń há síbẹ̀. Ẹ fi omi rọra fọ̀ ọ́ láti ẹ̀yìn wá síwájú. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọ tó ń fọ mọ́tò fi ẹ̀rọ alágbára wọn súnmọ́ ọn, torí á tẹ gbogbo ewé rẹ̀ pọ̀, afẹ́fẹ́ ò sì ní rí ọ̀nà mọ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká tan iná. (Mo gbé sítóòfù gáàsì kékeré, ìkòkò omi àti tẹmọ́mítà wá. Mo fi òwú so tẹ́mọ̀sítáàtì méjì kọ́ sórí igi kí wọ́n má baà kan ìdí ìkòkò.)

Ohun tí ẹ̀ ń wò yìí ni wọ́n máa ń yọ sọnù lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ẹ máa gbé e kiri, ẹ wò ó kí n tó kì í bọ omi. Ilẹ̀kùn ni. Agolo idẹ kékeré tó wà láàárín rẹ̀, ìda ló wà nínú ẹ̀. Ẹ̀yin ìyá aládìrẹ Ìtòkú, ẹ mọ ìda jù mí lọ, ẹ̀ ń yọ́ ọ kí ẹ tó fi tẹ aṣọ. Bí ìda bá yọ́, á fẹ̀, kò ní gba ibi tó ń gbà tẹ́lẹ̀ mọ́. Inú agolo yìí kò sí ibi tó máa fẹ̀ sí, àfi kó ti ọ̀pá kékeré yìí jáde, kí ilẹ̀kùn sì ṣí. Kò lo iná, kò lo kọ̀ǹpútà. Wọ́n kọ 82 sí i lára, ìyẹn ni pé ní nǹkan bíi 82°C ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí.

Ẹ wo tẹmọ́mítà. 70. Méjèèjì tì pa. 78, wọ́n ṣì tì. Ẹ má sọ̀rọ̀... 82, 83, ẹ rí i? Ìmọ́lẹ̀ ti ń yọ létí ti ọwọ́ ọ̀tún. Tó bá fi máa dé 95, ó yẹ kó ti ṣí tó mìlímítà 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti ọwọ́ òsì ńkọ́? (Ẹnì kan láti ẹ̀yìn: "Ó ti kú!") Ó ti kú. Inú ọkọ̀ aládùúgbò mi kan ni mo ti yọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ti ní kó lọ ra rádíétọ̀ tòkunbọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe máa ń sọ pé kí ẹ dán an wò nínú ilé: ìkòkò tí ẹ kì í se oúnjẹ nínú rẹ̀ mọ́, òwú, omi. Tí kò bá sí tẹmọ́mítà, kí omi ṣáà ti hó. Èyí tí kò bá ṣí nínú omi tó ń hó kò ní ṣí láéláé. Lára ọkọ̀ náà, àmì rẹ̀ ni pé ẹ́ńjìnnì á ti gbóná gidi, hóòsì òkè á ṣì tutù.

Àwọn mẹkáníìkì wa ní gbólóhùn kan: "Ìlú olóoru ni wa, a ò nílò tẹ́mọ̀sítáàtì." Mo ti gbọ́ ọ ju iye ìgbà tí mo ti jẹ láfún lọ. Wọ́n rò pé kóòtù òtútù ni. Bí ẹ bá yọ ọ́, ẹ́ńjìnnì kò ní tètè gbóná débi tó yẹ, kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ á gbà pé òwúrọ̀ ṣì ni, á máa bu epo kún epo. Ọ́ìlì á kó ọ̀rinrin sínú, á di ẹrẹ̀. Èyí tó tún ya èèyàn lẹ́nu jù: nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, tẹ́mọ̀sítáàtì ní àwo kejì nísàlẹ̀, bó ṣe ń ṣí ọ̀nà rádíétọ̀, bẹ́ẹ̀ ló ń ti ọ̀nà ẹ̀bùrú kan pa. Ẹ yọ ọ́, ọ̀nà ẹ̀bùrú á ṣí sílẹ̀ gbayawu, apá kan omi á máa yí po nínú ẹ́ńjìnnì láìfojú kan rádíétọ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú rẹ̀ nítorí pé ó ń gbóná, òun náà ló tún máa gbóná.

Irú rẹ̀ kan náà ni fáànù "dáírẹ́ẹ̀tì", tí réwáyà á so fáànù mọ́ kọ́kọ́rọ́ kó máa yí láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ fi rówó ra sẹ́ńsọ̀, mi ò bá yín jà. Fún ọdún mẹ́ta, fáànù á jóná lọ́jọ́ tí ẹ kò retí.

Ìbéèrè kejì: níbo lomi lọ? Ọ̀pọ̀ yín ló ní kẹ́ẹ̀gì omi nínú búùtù. Lójoojúmọ́ lẹ̀ ń bu omi sí i, ẹ ò sì bi í pé níbo ni ti àná lọ. Ibi tí a dé e pa sí nìyẹn, omi kò gbọdọ̀ dín níbẹ̀. Bó bá dín, ibì kan ló gbà.

Ní alẹ́, ẹ tẹ́ páálí sábẹ́ ọkọ̀. Ní àárọ̀, ẹ wo ibi tí ó tutù, kí ẹ wá tẹ̀lé e lọ sókè. Ibi tí omi ti ń jò díẹ̀díẹ̀ máa ń fi ipa funfun tàbí aláwọ̀ ewé sílẹ̀ bíi ti iyọ̀. Ẹ wo ẹnu hóòsì, níbi tí kilípù ti dè é. Ẹ wo ojú ibi tí ike orí rádíétọ̀ ti pàdé alumíníọ̀mù. Pọ́ǹpù ní ihò kékeré kan nísàlẹ̀ tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dá sí i. Bí rọ́bà inú rẹ̀ bá ti jẹ, ihò yẹn ni omi máa gbà sọ fún yín. Àwọn kan a máa fi gọ́ọ̀mù dí i. Bí kápẹ́ẹ̀tì ẹsẹ̀ ẹni iwájú bá ń tutù, tí kùrukùru sì ń bo gíláàsì, hítà ló ń jò.

Bí páálí bá gbẹ fúrúfúrú tí omi sì ń dín, ó lè jẹ́ ara ẹ́ńjìnnì ló ń wọ̀. Ọ̀rọ̀ tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì nìyẹn, ohun pẹlẹbẹ tó ń dí àárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀, èyí tí mo ní mi ò fẹ́ dárúkọ. Ẹ fa ọ̀pá géèjì ọ́ìlì yọ: bí ọ́ìlì bá ti di tíì oníwàrà, omi ti wọ inú rẹ̀, ẹ má tan ọkọ̀ náà mọ́. Ẹ wo sálẹ́ńsà: èéfín funfun tí kò lọ bí ọkọ̀ bá ti gbóná tán, tó ń rùn dùn-dùn. Èyí tó dájú jù nínú ilé ni pé láàárọ̀, nígbà tí ọkọ̀ tutù bí omi àmù, ẹ ṣí ọmọrí, ẹ bu omi kún un dẹ́nu, kí ẹnì kan tan ọkọ̀. Bí omi bá ń ta ìfófòó jáde láìdáwọ́ dúró, èéfín inú ẹ́ńjìnnì ló ti rí ihò gbà wọ inú omi. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ ilé. Ẹ gbé e fún ẹni tó mọṣẹ́, àmọ́ ẹ dúró tì í kí ẹ bi í bóyá ó wọn ìtẹ́jú orí ẹ́ńjìnnì. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì kékeré Toyota, wíwọ́ tí wọ́n gbà kò ju mìlímítà 0.05 lọ. Irun orí yín nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó fi ojú lásán wò ó tó ní "ó tẹ́jú", ẹ óò tún pàdé ara yín.

Kí ló tilẹ̀ ń ba àwọn nǹkan wọ̀nyí jẹ́? Omi tí a ń bù sí i. Abẹ́ òkúta là ń gbé, abẹ́ òkúta náà lomi wa ti ń wá. Ẹ wo inú kẹ́tùlù yín bí omi bóòhóòlù yín bá le, ẹ óò rí èépá funfun nídìí rẹ̀. Èépá yẹn ló ń gbé inú rádíétọ̀, níbi tí ihò kò fẹ̀ ju ẹyọ ọwọ̀ ìgbálẹ̀ méjì lọ. Tí ẹ bá wá ní ẹ́ńjìnnì onírin, ìpẹtà á dara pọ̀ mọ́ ọn. Kúláǹtì, omi aláwọ̀ tí wọ́n ń tà fún rádíétọ̀, wà fún èyí. Àwọn kan ní nítorí yìnyín òyìnbó ni wọ́n ṣe é. Lóòótọ́, ó ń ṣe iṣẹ́ yẹn níbẹ̀, àmọ́ níbí, ó ń dènà ìpẹtà, ó ń pa rọ́bà pọ́ǹpù mọ́, ó sì ń mú kí omi pẹ́ kó tó hó. Èyí tí wọ́n kọ pé kí ẹ là, ẹ fi omi bátìrì là á, èyí tí kò ní ásíìdì o, ìdajì sí ìdajì. Omi òjò tí a gbè mọ́ sàn ju ti kànga lọ bí kò bá sí owó. Ẹ má fi àwọ̀ ra kúláǹtì, ẹ ka ara ìgò rẹ̀. Mo ti ra omi aláwọ̀ ewé rí. Ẹ má sì jẹ́ kí ó wà nílẹ̀, ó ń dùn lẹ́nu, ó sì ń pa ọmọdé, ajá àti ewúrẹ́.

Bí ẹ bá tún omi bù tán, afẹ́fẹ́ á há sínú ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n tún ṣe dáadáa tó tún ń gbóná, afẹ́fẹ́ yìí ni. Iwájú ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ga ju ẹ̀yìn lọ. Ní Èkó, jáàkì ni wọ́n ń wá kiri, àwa ní Abẹ́òkúta, òkè kò wọ́n wa. Ẹ páàkì kí imú ọkọ̀ kọjú sókè, ẹ fi òkúta dí táyà. Ọkọ̀ á tutù, ọmọrí á ṣí sílẹ̀, hítà á wà ní títàn. Ẹ rọra bu omi, ẹ tan ọkọ̀, ẹ máa fún hóòsì òkè pẹ̀lú ọwọ́. Afẹ́fẹ́ á máa gbọ́n jáde. Bí tẹ́mọ̀sítáàtì bá ṣí, omi á jìn lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ bu kún un. Bí kò bá jìn mọ́, ẹ dé e.

Bàbá kan tó jẹ́ awakọ̀ fún ọjọ́ pípẹ́ béèrè bóyá òótọ́ ni pé ẹyin ń dí rádíétọ̀ tó ń jò. Mo ní òótọ́ ni, bàbá, ó ń dí i. Ó sì ń dí hítà, ó ń dí ibi tí kò jò pẹ̀lú. Bí ẹ bá wà nínú igbó lọ́nà Ìbàdàn tílẹ̀ ń ṣú lọ, ẹ fọ́ ọ sí i. Bí ẹ bá wà nílé, ẹ dín in.

Ìyá kan tó jókòó lẹ́bàá ògiri wá dìde. Ó ní láàárọ̀ láàárọ̀ ni òun ń bu omi, pé mẹkáníìkì òun ti ní tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ni, ọjọ́ Ajé ló fẹ́ tú u. Mo bi í bóyá ó wo páálí. Ó ní ilẹ̀ gbẹ. Mo bi í nípa ọ́ìlì. Ó ní kò tíì wò ó.

A jáde lọ wò ó lẹ́yìn ìpàdé, ó ti lé ní wákàtí méjì tó ti páàkì. Mo fún hóòsì: ó rọ̀, ó tutù. Ọ̀pá géèjì mọ́, ọ́ìlì rẹ̀ dúdú bó ṣe yẹ. Mo ṣí ọmọrí, omi ò sí lókè rádíétọ̀. Àmọ́ ike omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kún dẹ́nu, ipa funfun sì ti gbẹ sára rẹ̀ níbi tó ti ń ṣàn dànù sórí ẹ́ńjìnnì, tó ń gbẹ kó tó kanlẹ̀. Mo ní kí ó wo ike náà. Ó ní, "Èmi ò da omi síbẹ̀ rí."

Mo dojú ọmọrí bolẹ̀. Rọ́bà abẹ́ rẹ̀ ti sán bíi gìgísẹ̀ ọyẹ́. Bí ọkọ̀ bá gbóná, omi ń ti ibẹ̀ lọ sínú ike. Bó bá tutù, ó yẹ kí rádíétọ̀ fà á padà, àmọ́ afẹ́fẹ́ ló ń fà gba ojú rọ́bà tó sán yẹn. A bu omi kún un, ọmọ rẹ̀ tan ọkọ̀, a dúró, a ò rí ìfófòó kankan tó ń ta jáde ṣáá. Mo ní kó ra ọmọrí tuntun tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ti àtijọ́ mu, kó fi bírò fa ilà sára ike, kó sì máa wò ó láràárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan kó tó gbà mí gbọ́.

Ó bi mí pé èló ni ọmọrí. Mo sọ fún un. Ó wo ojú mi, ó wo ọmọrí, ó yọ fóònù nínú báàgì rẹ̀, ó sì yí ẹ̀yìn sí wa díẹ̀. "Ẹ ǹlẹ́ o, mẹkáníìkì. Ẹ má wulẹ̀ wá lọ́jọ́ Ajé mọ́."